“Ó dáa” kì í ṣe èsì: ohun tí abstract ọ̀rẹ́ mi ní Igando kọ́ mi

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti fẹ́ẹ̀ lù lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. A jọ ṣe fásitì ni. Èmi kọ́ ìmọ̀ òfin, òun kọ́ físíìsì. Igando làwa méjèèjì ń gbé báyìí, ilé rẹ̀ sí ilé mi ò gba ọ̀kadà. Olùkọ́ fásitì ni, kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n o, ṣùgbọ́n “Prọ́ọ̀fù” ni mo máa ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní “Lọ́yà”. Ohun tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò gùn rárá: “Lọ́yà, jọ̀ọ́, bá mi wo abstract yìí. Aago méjìlá òru òní ni wọ́n máa tilẹ̀kùn.”

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ abstract, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ìsọnísókí iṣẹ́ ìwádìí ni. Tí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ ṣe àpérò, ẹni tó bá fẹ́ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á kọ́kọ́ fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́. Nínú ìwé náà ló ti máa sọ ohun tó wádìí, bó ṣe wádìí ẹ̀, ohun tó rí, àti ìtumọ̀ ohun tó rí. Ti àpérò tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ yìí, wọn ò gbà ju 250 ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ 250 yẹn ni wọ́n máa fi pinnu bóyá wọn á pè é tàbí wọn ò ní pè é. Fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nírú àpérò bẹ́ẹ̀ lèèyàn ti ń pàdé ẹni tó ní irinṣẹ́ tí òun ò ní, tàbí ẹni tó lè sọ pé, “Wá bá wa ṣiṣẹ́ ní láàbù wa.”

Kí ni mo wá ṣe? Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò lọ́wọ́. Mo fi ojú kan ka ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, mo fi ojú kejì wo tẹlifíṣọ̀n. Mo rí i pé gírámà rẹ̀ ń dán. Mo dá a lóhùn pé, “Ó dáa gan-an, Prọ́ọ̀fù. Wọ́n máa mú un lágbára Ọlọ́run.” Mo fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ sí i, mẹ́ta.

Wọn ò mú un.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn ka iṣẹ́ náà títí, àwọn ò rí ohun tó rí níbẹ̀. Kò bínú sí mi o. Bí ẹni ń ṣe àwàdà ló ṣe sọ ọ́: “Ìwọ náà ṣáà kà á, o ní ó dáa.” Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti dùn mí tó ìyẹn. Ká ní ó bú mi ni, mi ò bá bú u padà, ká parí ẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ó gbé iṣẹ́ ọdún kan gbáko wá fún mi, mo fi àdúrà àti àtẹ́wọ́ lé e lọ.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà

Iṣẹ́ tí Prọ́ọ̀fù ṣe gan-an kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ẹni tó bá ti gba òpópónà LASU sí Isheri kọjá rí á mọ ààtàn Solous. Nígbà míì, kí ojú ẹ tó rí i, imú ẹ á ti sọ fún ẹ pé o ti dé Igando. Kò jìnnà sí ọsibítù ìjọba Alimọṣọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, ilé sì ti yí i ká. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọṣọ, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tiwọn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí, omi kànga àti ti borehole la gbójú lé.

Ìbéèrè tí Prọ́ọ̀fù ń bi ilẹ̀ ni pé: ṣé ẹ̀gbin ààtàn yẹn ti wọ inú omi wa?

Bí wọ́n ṣe ń wádìí ẹ̀ nìyí, bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Tí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, omi náà á gba inú ìdọ̀tí kọjá, á máa fọ iyọ̀ àti oríṣiríṣi kẹ́míkà jáde lára rẹ̀, á sì máa rìn lọ sínú ilẹ̀. Omi tó bá ní iyọ̀ nínú máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá ju omi tó mọ́ lọ. Àwọn onífísíìsì á wá kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Wọ́n á fi iná gba inú méjì tó wà lẹ́yìn wọlẹ̀, wọ́n á sì fi méjì tó wà láàárín wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iná náà. Bí wọ́n bá ṣe ń sún àwọn irin ẹ̀yìn jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná náà á ṣe máa wọlẹ̀ jìn sí i. Láìfi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń dènà iná gan-an àti ibi tí iná ti ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe é o. Àwọn onímọ̀ ti gbé ẹ̀rọ lọ sí Solous ṣáájú ẹ̀, àwọn míì sì ti bu omi kànga àdúgbò lọ sí láàbù. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Ohun tó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà fi wúlò.

Ẹ wá wò ó báyìí. Tí Prọ́ọ̀fù bá dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, tó ní omi Igando ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé kò bàjẹ́, lándílọ́ọ̀dù kan á náwó gbẹ́ borehole míì lásán. Ọjọ́ tí ewu gidi bá wá dé, wọn ò ní gba onímọ̀ gbọ́ mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé omi náà bàjẹ́ lóòótọ́, tó wá kọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò fi ní kà á, àwọn èèyàn á máa mu ún lọ. Àwa táà ń gbé Igando ló máa mu ún. Èmi tí mo sọ pé “ó dáa” náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì

Nígbà tí àpérò mìíràn tún yọjú, Prọ́ọ̀fù ò fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni mo lọ bá a nílé. Mo ní kó fún mi, kó sì fún mi lọ́jọ́ méjì. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, mo mú bírò, mo pa fóònù.

Mi ò mọ físíìsì o. Níbi tí mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì, orúkọ Ohm nìkan ló kù lórí mi. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo sì ti ṣe nígbà yẹn nìyẹn: mo rò pé torí mi ò mọ físíìsì, kò sí nǹkan tí mo lè sọ ju “ó dáa” lọ. Irọ́ ni. Àwọn tó ń ka abstract fún àpérò pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó ń wádìí ìràwọ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa ka ti ẹni tó ń wádìí ilẹ̀. Tí èmi bá sọnù lójú ọ̀nà, àfàìmọ̀ kí òun náà má sọnù.

Mo wá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní, gbólóhùn mẹ́rin ni mo kà kí n tó gbọ́ orúkọ Igando. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ìṣòro ńlá ni ìdọ̀tí jẹ́ ní gbogbo àgbáyé. Ìkejì ní àwọn ìlú tó ń dàgbà ò tíì rí ojútùú sí i. Ìkẹta àti ìkẹrin ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń bá a jiyàn? Ẹni tí wọ́n fún ní 250 ọ̀rọ̀, tó fi nǹkan bíi 80 nínú ẹ̀ kí àgbáyé, ó dà bí ẹni tí wọ́n fún ní ìṣẹ́jú mẹ́ta nílé ẹjọ́ tó wá fi ìṣẹ́jú kan kí adájọ́ àti àwọn ará ilé adájọ́.

Èkejì, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Iye ibi tó ti wọn ilẹ̀, bó ṣe jìn tó, iye tó ka lórí ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo ti fojú mi rí ìwé náà. Nínú abstract, ohun tó kọ ni pé “a rí àwọn èsì tó ṣe pàtàkì”. Èsì wo? Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní kó o wá jẹun, tó gbé ìkòkò fún ẹ pẹ̀lú ìdérí ẹ̀, tó ní, “Ọbẹ̀ yìí dùn gan-an.”

Ẹ̀kẹta ló le jù. Gbólóhùn tó kẹ́yìn sọ pé èsì náà fi hàn pé omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni òfin tí mo kọ́ ti ta mí jí. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, ní abala 131, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba ọ̀rọ̀ òun, òun náà ló máa fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn. Àwọn adájọ́ wa sì ti sọ ọ́ títí pé tí o kò bá rí ẹlẹ́rìí tó ṣojú ẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tó yí ọ̀ràn ká lo fẹ́ fi mú èèyàn, àfi kí gbogbo ẹ̀rí náà tọ́ka sí ibì kan ṣoṣo. Tí ọ̀nà míì bá ṣì wà tó lè gbà ṣẹlẹ̀, wọn á dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀.

Mo bi Prọ́ọ̀fù pé, “Ṣé o bu omi wò?”

Ó ní rárá, iná lòun fi wádìí.

Mo ní, “Ó dáa. Yàtọ̀ sí omi ààtàn, ṣé nǹkan míì wà nínú ilẹ̀ tó lè jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?”

Ó dákẹ́. Mo rò pé kò gbọ́ mi ni. Nígbà tó yá, ó ní, “Amọ̀.”

Amọ̀! Iná máa ń gba inú amọ̀ kọjá dáadáa, bẹ́ẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ ló to léra wọn lábẹ́ ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó fi iná nìkan wádìí lè rí amọ̀ kó pè é ní ẹ̀gbin. Prọ́ọ̀fù mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bí i. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn ọmọ fásitì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ó ti wà nínú iṣẹ́ náà pẹ́ débi pé ohun tó ń retí láti rí ló ń rí.

Ẹ má rò pé ó dì mọ́ mi, tó ní “ẹ ṣé”. Inú bí i. Ó ní, “Ṣé lọ́yà ló wá fẹ́ kọ́ mi ní físíìsì báyìí?” Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an: “Tí mo bá kọ ‘ó lè jẹ́’, ta ló máa mú un? Àwọn tó ń pariwo ni wọ́n ń mú.” Ìbẹ̀rù gidi nìyẹn, mi ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọjọ́ méjì ni kò fi pè mí.

Einstein náà bínú

Láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni mo rántí ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ nǹkan mọ̀.

Lọ́dún 1936, Albert Einstein, ẹni tí gbogbo ayé ti mọ̀ nígbà náà, kọ iṣẹ́ kan pẹ̀lú Nathan Rosen, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ìmọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Physical Review. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìgbì òòfà, ìyẹn irú ìgbì tó máa ń mi òfuurufú fúnra ẹ̀ bí ohun ńláńlá bá fi agbára yí ara wọn po. Bẹ́ẹ̀ Einstein yìí kan náà ló ti sọ ní ogún ọdún ṣáájú pé ó wà. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, John Tate, fún onímọ̀ kan kà láì dárúkọ ẹ̀. Onímọ̀ náà kọ ojú ìwé mẹ́wàá, ó fi hàn pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

Einstein fi ìbínú dá Tate lóhùn. Ó ní ìtẹ̀jáde lòun fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ fún, òun ò ní kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni kó tó jáde, òun ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun fèsì sí ọ̀rọ̀ ẹni tí òun ò mọ̀. Ó gba iṣẹ́ náà padà, ó gbé e lọ síbòmíràn.

Onímọ̀ tó ka iṣẹ́ náà, Howard Percy Robertson lorúkọ ẹ̀, Princeton níbi tí Einstein ń gbé lòun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìrìn àjò ló lọ nígbà yẹn. Nígbà tó dé, kò lọ bá Einstein jà, kò sì pariwo pé òun lòun rí àṣìṣe ẹ̀. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá Einstein ṣiṣẹ́, Leopold Infeld, dọ́rẹ̀ẹ́. Wọ́n jọ jókòó, Infeld ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, Robertson sì fi ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ hàn án. Infeld gbé e dé ọ̀dọ̀ Einstein. Einstein ní òun náà ti fura sí i. Wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tó fi máa jáde lọ́dún 1937 nínú ìwé ìròyìn ti Franklin Institute, ó ti yí padà. Kò sọ mọ́ pé ìgbì náà ò sí. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fi ìwé àkọsílẹ̀ Physical Review jẹ́rìí sí i pé Robertson lẹni tó kà á lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà gbọ́ ìgbì náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n kéde ẹ̀ fáyé gbọ́ ní oṣù kejì ọdún 2016. Ẹ rò ó wò ná: ká ní Robertson náà sọ pé, “Ta ni mo jẹ́ tí màá fi bá Einstein sọ̀rọ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Robertson sọ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó gba orí ìwé lọ dá ìbínú sílẹ̀. Èyí tó gba ìjókòó lọ tún iṣẹ́ ṣe. Àwọn bàbá wa kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Wọn ò sọ pé kó o má sọ̀rọ̀ o.

Kí ló dé tí “ó dáa” fi yá wa lẹ́nu?

Mo ti rò ó títí. Lọ́dọ̀ wa, ìkíni ni “ó dáa”. Bá a ṣe ń sọ pé “ẹ kú iṣẹ́” fún ẹni tó ń fọ mọ́tò la ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Kò burú, ìkíni dára. Wàhálà wà nígbà tí ẹni náà rò pé ìdájọ́ lo ṣe fún òun, tó wá fẹ̀yìn tì í.

Ìdí kejì ni pé a ti fojú rí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ̀, a ò sì fẹ́ dà bí wọn. Nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi, olùkọ́ kan fi bírò pupa fa ìlà látòkè délẹ̀ lójú ìwé mi, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i: “Rubbish.” Mi ò mọ gbólóhùn tó burú títí di òní. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ o, ṣùgbọ́n kò wúlò fún mi. Ẹni tó ní “ó dáa” láìkà á àti ẹni tó ní “rubbish” láìtọ́ka sí nǹkan kan, ọ̀gbà kan náà ni wọ́n ń gbé. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ibi tó yẹ kí n fọwọ́ sí.

Ẹ̀rù ọ̀tá ṣìkẹta. Tí mo bá sọ fún un, á ní mo ń jowú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni, á ní mi ò mọ àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òwe tó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ Solous yìí, òwe náà ti di nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ gan-an: omi tí Prọ́ọ̀fù ń kọ̀wé nípa ẹ̀, inú ilé mi ló ń sun.

Kì í sì í ṣe abstract físíìsì nìkan. CV tí ọmọ àbúrò bàbá ẹ ní kó o bá òun wò ni, lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ fi wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Kánádà ni, àbá òwò tí ẹlẹgbẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ fún ọ̀gá ni. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti fi àtẹ́wọ́ orí WhatsApp sin lọ síbi tí wọ́n ti já wa sílẹ̀.

Bó ṣe yẹ ká máa ṣe é

Kọ́kọ́ bi ẹni náà léèrè pé kí ló fẹ́. Àwọn míì fẹ́ kó o bá àwọn wo sípẹ́lì. Àwọn míì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àwọn dúró. Tó bá jẹ́ pé wákàtí kan ló kù kí wọ́n tilẹ̀kùn, sípẹ́lì nìkan lo lè bá a wò, kó o sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Má purọ́ pé o kà á tán.

Kà á lẹ́ẹ̀mejì kó o tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí, pa ìwé dé, kó o sọ fún un ní gbólóhùn kan ohun tó o rò pé ó rí. Èyí ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo gbìyànjú. Tí ohun tó o sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó ní lọ́kàn, kò ní í nílò kó o bá òun jiyàn. Òun fúnra ẹ̀ á rí i pé ìwé náà ò jíṣẹ́.

Orí ọ̀rọ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí kọ́mà. Ẹni tó fi wákàtí kan tún àmì ọ̀rọ̀ ṣe nínú gbólóhùn tó yẹ kí wọ́n yọ dànù, aṣọ tí wọ́n máa sọ nù ló ń lọ̀. Tọ́ka síbi tó o ti sọnù: “Mo bá ẹ dé ìlà kẹfà, níbẹ̀ ni mi ò ti mọ ọ̀nà mọ́.” Ìyẹn kì í ṣe èébú, òótọ́ nípa ìwọ tó ń kà á ni. Béèrè ìbéèrè tí o kò mọ ìdáhùn ẹ̀. Sọ èyí tó dára náà pẹ̀lú ìdí tó fi dára, kó má baà yọ ọ́ dànù níbi tó ti ń tún un ṣe. Má sì bá a kọ ọ́. Tó o bá kọ ọ́, ohùn ẹ ló máa wà níbẹ̀, òun sì ni wọ́n máa bi léèrè lọ́jọ́ àpérò.

Èyí tó kàn ẹ́, ìwọ tó gbé iṣẹ́ wá: má gbé e wá ní aago mọ́kànlá alẹ́. Má sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, sùn lé e lórí. Kò dandan kó o gba gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn méjì tí kò mọra wọn bá sọnù ní ojú kan náà, ojú ọ̀nà ló bàjẹ́, kì í ṣe ojú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Lọ́jọ́ kẹta, Prọ́ọ̀fù kan ilẹ̀kùn mi. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Àgbáyé ti kúrò níbẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti dé Igando, ó ti sọ iye ibi tó ti wọn ilẹ̀ àti bó ṣe jìn tó. Níparí, ohun tó kọ, tí n bá tú u sí Yorùbá, ni pé: “Ní apá kan ààtàn náà, a rí ìpele kan tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó lè jẹ́ omi ààtàn ló dé ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ amọ̀; ìwọ̀n iná nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A ti ń bu omi àwọn kànga tó súnmọ́ ibẹ̀ láti fi mọ èyí tó jẹ́.”

Ohun tó sọ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí agbẹjọ́rò tó lè bì í ṣubú. Mo tún rí nǹkan kan: “a ti ń bu omi” kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tá a jọ jà lé lórí ti gbé e padà lọ sí Solous pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́.

Ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ló fi í ránṣẹ́. Wọn ò tíì fèsì. Wọ́n lè mú un, wọ́n sì lè má mú un. Èyí tó kàn mí jù ni èsì omi kànga yẹn, torí ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ti bu omi ò ju òpópónà méjì lọ sí tèmi.

Mo fi àpilẹ̀kọ yìí náà ránṣẹ́ sí i kó tó jáde. Èsì ẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì: “Lọ́yà, o sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù gùn jù, kò sẹ́ni tó bi ẹ́. Ibi tó o ti ṣàlàyé irin mẹ́rin, o gbé ti ẹ̀yìn sí àárín. Ibi amọ̀ dára, má fọwọ́ kàn án.”

Inú bí mi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo yọ bọ́ọ̀lù kúrò, ó ku gbólóhùn kan, mo sì to àwọn irin náà padà.